Kókó Mẹ́ta Nínú Kọ̀ǹpútà

"Bàbá ẹ ló kọ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídàpọ̀ sọ sí ìyàwó àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo ilé, nígbà tí kọ̀ǹpútà tún gan. Ẹnu tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Ibi tí yóò gbé e dé kò jìnnà.

Moyọ̀sọ́lá ni ìyàwó náà. Òun ló ń tẹ kọ̀ǹpútà nílé ìtẹ̀wé Adéníran ọkọ rẹ̀ ní Ṣómólú, lọ́dún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Ìbídàpọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ń ṣe irun olówùú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan náà. Ìtùnú ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà tán, àga Moyọ̀sọ́lá sì ni ojú ìyá rẹ̀ wọ̀.

Nígbà tí bàbá Moyọ̀sọ́lá kú ládùúgbò Ladi-Lak, Moyọ̀sọ́lá ní òun fúnra òun ni òun máa to ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Bàbá náà kò fẹ́ kó fẹ́ Adéníran. Ọdún mẹ́rin gbáko ni bàbá àtọmọ kò fi rí ara wọn. Ìwé yìí nìkan ni ẹ̀bẹ̀ tó kù tó lè bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bó bá ti tan kọ̀ǹpútà, kò ní í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Fọ́tò bàbá á yọ, tòun ti fìlà abetí-ajá rẹ̀, máòsì á dúró sójú kan, gbogbo rẹ̀ á gan. Wọ́n ní iná ni, wọ́n pààrọ̀ sítébíláísà. Wọ́n ní vírọ́ọ̀sì ni, wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó tún gan. Ìgbà náà ni Ìbídàpọ̀ sọ̀rọ̀ burúkú yẹn, pé òkú tó ń bínú kì í jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ òun fọwọ́ kan àwòrán òun. Èyí tó dunni jù ni pé Moyọ̀sọ́lá gbà á gbọ́.

Adéníran, tó yẹ kó gbèjà ìyàwó rẹ̀, ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ kó lọ bẹ òkú, kó má ba iṣẹ́ òun jẹ́. Wọ́n sin bàbá láìsí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí ń bi Moyọ̀sọ́lá léèrè pé ṣebí òun ló ń to ti gbogbo ayé. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá kó aṣọ rẹ̀ nílé ọkọ. Ó bá Àyúbà níbẹ̀, ará Akoka tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí Adéníran pè torí àwọn oníbàárà ti ń kùn. Ìbídàpọ̀ dúró tì í, ó ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá tú ohun tí òkú ń bá jà á pín nínú ìjà.

"Ẹ̀gbọ́n," Àyúbà sọ fún Adéníran, "tó bá jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ń hang, ooru ni. Ẹ jẹ́ kí n wo fáànù inú ẹ̀."

Ó tú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Fáànù tó yẹ kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ ẹ̀rọ náà rèé, wọ́n ti fi òwú dúdú dè é gírígírí, wọ́n sì ta kókó mẹ́ta lé ara wọn nídìí òwú. Kò sí obìnrin àdúgbò tí kò mọ kókó yẹn, nítorí orí wọn ló wà. Ìbídàpọ̀ nìkan ló ń ta á bẹ́ẹ̀.

"Bó bá jẹ́ èmi ni, kí ilẹ̀ ọ̀la má mọ́ bá mi!" Ìbídàpọ̀ ké.

"Ẹ má búra, Màámi," Ìtùnú sọ láti ẹnu ọ̀nà, omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Èmi ni mo bá yín yá ṣúkúrùdíráíbà. Ẹ ní ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń gbẹ irun lẹ fẹ́ fi tún ṣe."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kí oṣù náà tó parí, kò sí obìnrin tó jẹ́ gbé orí lé Ìbídàpọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìtùnú kò tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Àyúbà gé òwú náà kúrò, Adéníran dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀. Moyọ̀sọ́lá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó jókòó sí àga rẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí fọ́tò bàbá rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Márùn-ún kọjá. Máòsì ń rìn. Bàbá ń wò ó, kò lọ síbì kankan.

Ó to ìwé náà tán, ó tẹ ẹyọ kan péré. Ó gbé e lọ sí ojú oórì ní Ladi-Lak, ó kà á sókè: orin, ìtàn ìgbésí ayé, orúkọ àwọn ọmọ tí bàbá fi sílẹ̀. Nígbà tó kan orúkọ tirẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí bàbá lè gbọ́.