Lẹ́yìn Ìkélé Yvette

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀: bí ọkùnrin bá gun alùpùpù láti Bantè lọ sí Savalou nítorí agbádá tó ya, kì í ṣe pé aránṣọ tán ní Bantè. Kò fẹ́ kí wọ́n rí òun ni.

Solomon Ọ̀ṣuntókun ni ọkùnrin náà, ọmọ Nàìjíríà tó ré ẹnubodè kọjá wá ń ta epo bẹntiróòlù ní Bantè. Láti ìgbà tí epo ti di ọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìgò tó ń pàtẹ ló ṣófo, àmọ́ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Bí ó bá ń kọjá, ẹ ó rò pé ọ̀nà ló yẹ kó dìde kí i.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó kọ́kọ́ rí Yvette, aránṣọ ní Savalou. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, òwú pupa rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹ̀gbà, ó sì ń rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí abẹ́rẹ́ bọ́. Solomon gbàgbé irọ́ tó ti ń múra rẹ̀ bọ̀ láti Bantè.

"Ẹ káàbọ̀, Fòfó," ni Yvette wí, bí àwọn ará Savalou ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. "Aṣọ ta nìyí?"

"Ti... ti ẹ̀gbọ́n mi kan ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín mà jọ yín léjìká o. Ẹ jẹ́ ká kúkú wọ̀n ọ́n lára yín."

Ọjà ń kú káàkiri ìlú, ti Yvette ń yè. Ẹni tó máa ń ra ẹ̀wù tuntun lọ́dọọdún ti ń yí kọ́là èyí tó gbó padà. Ẹni tí kò wọ aṣọ àlòkù bòsíkọ̀rọ̀ rí ti ń gbé e wá kí wọ́n gé e bá òun mu. Láàárọ̀, bí Yvette bá ti ṣí ilẹ̀kùn, á fọwọ́ kan máṣíìnì rẹ̀, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo kọ́là tó gbó.

Ó ta ìkélé sáàárín ṣọ́ọ̀bù, kí oníbàárà kan má baà rí èkejì. Ó sì ní òfin kan: oníbàárà tí kò bá kọ́kọ́ kí i níta, òun náà kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn òfin yìí ju bí wọ́n ti fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí aṣọ Solomon fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya lemọ́lemọ́.

"Fòfó, kí ló tún dé?"

"Ẹ̀gún ni, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀gún pọ̀ ní Bantè."

"Ẹ̀gún wo ló ń gé aṣọ gún régé bí àlùmọ́gàjí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Solomon tó ti ń ṣépè fún ọ̀wọ́n epo wá ń dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọ̀wọ́n, kí ni ìbá gbé e dé ẹnu ọ̀nà yìí?

Lọ́jọ́ ọdún iṣu, àlejò kún Savalou. Solomon ń rìn pẹ̀lú Sanoussi, oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan ní Bantè, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í ṣaláì dán. Yvette ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé o mọ ọmọbìnrin yẹn ni?" ni Sanoussi bi í. "Ìwọ ló ń wò."

"Èmi? N ò mọ̀ ọ́n."

Yvette gbọ́. Ó pa òfin rẹ̀ mọ́: ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọlọ́kadà kan gbé agbádá Solomon tó wà lọ́wọ́ Yvette dé Bantè. Ihò tó wà lápá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ́kadà náà sì jíṣẹ́ baba Yvette, Mẹ́tìrì Rémy, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì: ọmọ òun kò ní fẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lójú títì.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, Solomon gbé agbádá náà wọ̀ bó ti rí, ihò lójú gbogbo ayé, ó la àárín Bantè kọjá, ó sì gba Savalou lọ. Mẹ́tìrì Rémy ló bá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, níṣojú àwọn tó ń ná gàrí.

"Mẹ́tìrì, ẹ dákun. Gbogbo ẹwà tí wọ́n ń rí lára mi, ọmọ yín ló ń bá mi tún un rán. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì sẹ́ ẹ. Ìtìjú mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ."

Ó ń retí kí ọjà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ná gàrí ń ná gàrí wọn lọ. Ìkélé nìkan ló mì, orí Sanoussi yọ níbẹ̀.

"Yvette, jọ̀wọ́, ṣé o ti parí sòkòtò mi? Mi ò lè jáde báyìí."

Nídìí máṣíìnì rẹ̀, Yvette rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó jáde wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Solomon, ó ń gbọn eruku lápá rẹ̀. "Ẹ dìde, Fòfó. Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ni mo fẹ́."

Mẹ́tìrì Rémy bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Agbádá ìgbéyàwó kan wà lórí ìkọ́ nílé mi," ni ó wí. "Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọmọ yìí ti rán an. Kò bá mi mu."