Aboyún Tí Mo Tì Mọ́lé

"Níbo lẹ ń lọ?"

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú. Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, tí àdúgbò ń pè ní Agùntáṣọọ́lò nítorí gíga rẹ̀, ti gbé ọ̀pá ìwọ̀ ẹja kọ́ èjìká. Ìyàwó rẹ̀, tí èmi ń pè ní Òpéléngé nítorí bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, oyún àkọ́kọ́.

"Adágún là ń lọ, Màmá," Òpéléngé dáhùn. "Òní la kì í lọ síbi iṣẹ́."

"Adágún tó wà lẹ́yìn òkè?"

"Òun náà ni."

"Òkè tí èèyàn ń gùn bí ewúrẹ́?"

Agùntáṣọọ́lò rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, òkè yẹn ò ga. Ẹ fi wé mi."

"Ìwọ kọ́ lo lóyún, ọ̀gbẹ́ni."

"Ká ní èmi ni, ẹ ò bá ti dè mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì."

Kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń lọ sí adágún yẹn. Ọkọ á ju ìwọ̀ sínú omi, á jókòó kalẹ̀ bí ọba. Ìyàwó á máa ya àwòrán ẹyẹ. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ká ìwé tó sì ń gán an pọ̀. Àwọn bébà tí wọ́n bá gé kù ló kó jọ, tó fi òwú rán di ìwé kékeré kan. Bó bá ya ẹyẹ tán, á kọ ohun tí ẹyẹ ń ṣe sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n wo ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ó kà á sí mi létí: "Àdàbà. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ jà." Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, n kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Oyún àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ padà sínú ilé."

Èmi ni mo tọ́ Agùntáṣọọ́lò láti kékeré, kò mọ bí a ṣe ń já mi níyàn. Ìyàwó wo ojú ọkọ, ọkọ wo ilẹ̀. Òpéléngé tú okùn bàtà rẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbà fún nígbà àkọ́kọ́, ó máa ń fẹ́ kí wọ́n tún gbà fún òun sí i. Mo ní kó gbàyè níbi iṣẹ́, ó gbà á. Mo gbé àga tìmùtìmù kan sẹ́bàá fèrèsé fún un, mo ní ibẹ̀ ni kó máa gbé. Mò ń gbé oúnjẹ wá, mò ń gbé omi wá, mò ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ni mo pè é. Ìfẹ́ náà ni, àmọ́ ìfẹ́ tí kò ríran ni.

Èyí tó burú jù ni ti àyẹ̀wò. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ sí ilé ìwòsàn pé. Ọ̀nà ibẹ̀ kún fún kòtò. Mo bi í pé, "Ṣé ara ń ro ọ́ ni?"

"Rárá, Màmá."

"Kí lo wá fẹ́ lọ ṣe? Kí ọkọ̀ máa gbọ̀n ọ́ jìgìjìgì bí ẹni ń jọ èlùbọ́? Ẹni tí ara ò ro kì í wá dókítà kiri."

Oṣù kejì pé, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún jókòó.

Láti ojú fèrèsé, orí òrùlé aládùúgbò wa nìkan ló ń rí. Ló bá ń ya ohun tó rí. Ológoṣẹ́. Ológoṣẹ́. Ológoṣẹ́. Nígbà tó yá, kò ya ohunkóhun mọ́. Ọmọ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín di ẹni tó ń fi orí dáhùn. Bí mo bá ní "Ṣé o jẹun?", á mi orí. Oúnjẹ á wà níbẹ̀, á tutù.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ní ẹsẹ̀ aboyún ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ní, "Màmá, orí ń fọ́ mi." Mo ní, "Sùn sí i, ìyàwó mi. Oorun ni kò tó ọ."

Oyún ti pé oṣù méje nígbà náà. Ọjọ́ kẹta tó sọ ọ̀rọ̀ orí fífọ́ yẹn, Agùntáṣọọ́lò wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ń wo òkè àjà bí ẹni tó fẹ́ purọ́.

"Ìyá àgbà, mo fẹ́ lọ wọn ilẹ̀kùn oníbàárà mi kan."

"Ó dáa."

"Òpéléngé á tẹ̀ lé mi. Òun ló máa bá mi di ìdí téèpù mú."

Kí n tó fèsì, wọ́n ti jáde. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo wo ara ògiri. Ọ̀pá ìwọ̀ ò sí níbẹ̀. Mo pariwo, "Háà! Ta ló ń fi ìwọ̀ ẹja wọn ilẹ̀kùn?"

Mo mú agbòjò mi, mo fi ṣe ọ̀pá, mo gbá tẹ̀ lé wọn. Mo rò pé òkè ni mo máa gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà pẹrẹsẹ kan wà tó yí ìdí òkè náà ká, igi ṣíji bò ó, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ilẹ̀ pálọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti ọjọ́ yìí wá. N kò béèrè lọ́wọ́ wọn rí.

Mo bá wọn létí omi. Ọkọ ń wo okùn ìwọ̀ rẹ̀. Ìyàwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ìwé rẹ̀ wà lórí itan, ó ń rẹ́rìn-ín sí pẹ́pẹ́yẹ kan tó tẹ orí bọ omi, tó na ìdí sókè. Ó ti tó oṣù méjì tí n kò rí ẹ̀rín yẹn. Ó dùn mọ́ mi. Síbẹ̀, mo pariwo.

"Ṣé ilẹ̀kùn nìyẹn? Agùntáṣọọ́lò! Ṣé abẹ́ omi ni oníbàárà rẹ ń gbé?"

Ó sáré dìde, ìwọ̀ bọ́ sínú omi. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́..."

Àwọn obìnrin kan ń rìn bọ̀ létí adágún, wọ́n tó mẹ́fà, gbogbo wọn ló lóyún. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀, oníkálukú mú ike omi dání. Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn ló ṣáájú wọn. Ó máa ń kó wọn jáde bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbọ́ ariwo mi, ó yà wá.

"Màmá, ẹ kú ìrìn. Ẹ jókòó ná, kí èémí yín balẹ̀."

"Mi ò jókòó! Ẹ bá mi wí fún wọn. Ẹni tó gbé oyún àkọ́kọ́, ó ń rìn kiri etí omi!"

"Àwọn tèmi náà ń rìn, Màmá."

"Mo rí wọn. Ẹ ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré."

Kò bínú. Ó ní, "Aboyún kì í ṣe aláìsàn. Bí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí ara rẹ̀ dá, ìrìn jẹ́jẹ́ á jẹ́ kó sùn dáadáa, á lé ìbànújẹ́, á mú kí ara rẹ̀ lè gba iṣẹ́ ìrọbí." Ó wá kọjú sí Òpéléngé. "Ìyàwó, ìgbà wo lo ti wá fún àyẹ̀wò kẹ́yìn? Ó pẹ́ tí mo ti rí ọ."

Òpéléngé pa ìwé rẹ̀ dé. Agùntáṣọọ́lò ń wo omi.

"Ta ló ní kó má wá?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo jókòó.

Mo ní, "Èmi ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ ohun tí ojú mi rí."

Mo sì sọ ohun tí n kò sọ fún Agùntáṣọọ́lò rí. Mo sọ fún wọn pé ṣáájú bàbá rẹ̀, mo ti lóyún kan. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣí afárá tuntun ní ìlú wa. Gbogbo ọmọge ló ń lọ wò ó. Èmi náà rìn lọ, mo rìn bọ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo tutọ́ láti orí afárá kí n lè wo bó ṣe máa balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gìrì gbé mi. Nígbà tí mo mọ ara mi, wọ́n ní ọmọ ti kú sínú.

"Ìrìn yẹn ló pa á," ni mo wí. "Láti ọjọ́ náà, n kò tẹ afárá yẹn mọ́."

Agbẹ̀bí jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá mi. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Kí ẹ tó lọ wo afárá, báwo ni ara yín?"

"Ara mi le."

"Ẹ rò ó dáadáa. Orí ńkọ́?"

Mo rò ó. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí ara mi nínú yàrá ìyá ọkọ mi, mo fi gèlè di orí mọ́lẹ̀ gbàgbà.

"Orí fọ́ mi," ni mo wí. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi fọ́ mi."

"Ojú ńkọ́?"

"Mò ń rí nǹkan tó ń tàn yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ níwájú mi. Ojú mi sì wú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo sanra, wọ́n ní ilé ọkọ ń tù mí lára."

"Ṣé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ di apá yín, láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yín ń ru?"

"Ta ni ì bá wò ó?"

Agbẹ̀bí mí kanlẹ̀. "Màmá, n kò sí níbẹ̀, n kò lè búra. Àmọ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí. Gìrì tó gbé yín náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Ká ní orí ibùsùn lẹ wà lọ́jọ́ náà, ì bá gbé yín bẹ́ẹ̀. Ìrìn kọ́, Màmá."

Mo gbójú sókè, mo wo Òpéléngé. Mo wò ó bí ẹni tí n kò rí rí. Ọrùn rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Òrùka ìgbéyàwó há mọ́ ọn níka. Èmi tí mò ń pè é ní Òpéléngé lójoojúmọ́, n kò rí i.

"Ìyàwó mi, orí tó ń fọ́ ọ yẹn, ṣé ó ti lọ?"

"Kò tíì lọ, Màmá. Ó tún le sí i lónìí. Mo rò pé atẹ́gùn ibí á ràn mí lọ́wọ́."

Mo ní, "Ẹ dìde! Kí lẹ ń wò? Agùntáṣọọ́lò, wá ọkọ̀!"

Agbẹ̀bí gan-an bá wa lọ. Inú kòtò tí mo fi ń dẹ́rù bà á la gbà, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé a gbà á. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ga. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àmì àìsàn náà hàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ní ká dúpẹ́ pé a wá, pé bó bá fi ọjọ́ díẹ̀ pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Mo sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn níbi tí kò ti lè rí mi.

Wọ́n dá a dúró, wọ́n fún un lóògùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n ní kó máa wá fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èmi ni mò ń sin ín lọ. Ọjọ́ kan ni òun fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òun lè lọ wo ẹyẹ. Dókítà ní ó lè lọ, bí kò bá ti ní rìn jìnnà, bí òòrùn kò bá mú, bí èèyàn bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ní, "Èèyàn wà."

Báyìí ni èmi arúgbó ṣe di ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹja fa ìwọ̀ mi, mo ké tantan, ẹja sì sá lọ.

"Ariwo yín ló lé e, Ìyá àgbà."

"Ẹja tí kò lè gba ariwo, kò lè gbé ilé wa."

Òpéléngé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní ọmọ ń ta òun nípàá.

Dókítà kò jẹ́ ká dúró títí oṣù fi pé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un lóògùn ìrọbí. Obìnrin ló bí. Ọmọ náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ ń jáde dé ẹnu géètì. Ara ìyá rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ẹ̀yin tí ẹ lóyún, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aboyún, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ẹ má fi oyún ṣe ẹ̀wọ̀n. Ẹ lọ sí àyẹ̀wò nígbàkígbà tí wọ́n bá dá fún yín, bí ara bá tilẹ̀ le koko, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí agbẹ̀bí bá ní ara dá, ẹ rìn, ẹ gbin òdòdó, ẹ yàwòrán, ẹ jókòó sétí omi. Ẹ gba ọ̀nà tó tẹ́, ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ mú omi dání, ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má gun ibi tí èèyàn ti lè ṣubú. Ẹni tó bá fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Bí òòyì bá kọ́ yín tàbí tí èémí ò tó, ẹ jókòó, bí kò bá sì lọ, ẹ wá agbẹ̀bí.

Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ tí kò lọ, bí ojú bá ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí ohun tó ń tàn, bí ojú àti ọwọ́ bá wú, bí òkè ikùn bá ń dunni, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń dà, bí ọmọ kò bá yí bó ṣe máa ń yí, ẹ má sùn sí i. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó sọ pé "má lọ", ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi bá ọ̀nà kan ṣọ̀tá, ọ̀nà náà kò sì ṣẹ̀ mí. Ẹ má bá mi jogún ọ̀tá yẹn.