Oògùn Amẹ́ríkà Wọ Ìjù

“Da nǹkan yẹn nù, Hàlímọ̀tù, mo ní kí o dà á nù. Ẹni tó ju bọ́ǹbù sí àwọn Mùsùlùmí ní Ìráàkì lo fẹ́ gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀?”

Alhaji Ṣótúndé, olórí ẹgbẹ́ àdínì wa ní Ìjù, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé. Òjò ọdún 1991 ti da ṣáláńgá pọ̀ mọ́ kànga, onígbáméjì sì ti wọ àdúgbò. Amẹ́ríkà fi oògùn ránṣẹ́, Nọ́ọ̀sì Ẹfúnkẹ́ sì ń pín in kiri. Àbáyọ̀mí, ọmọ Hàlímọ̀tù, ti yàgbẹ́ títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú. Mùsílíù, bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, kò jẹ́ kí wọ́n fún un lómi. “Tó bá mu ún, á tún yà á dànù ni.”

“Igi tó ń gbẹ lẹ ní ká má bomi rin,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Omi tó ń jáde lára rẹ̀ gan-an ló ń pa á. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tú àpò oògùn kan sínú lítà kan, ẹ máa fi ṣíbí fún un. Bó bá bì í, ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá lè mu mọ́, ẹ gbé e wá kíákíá.”

Hàlímọ̀tù kọjú sí Alhaji. “Láyé Sáàpù tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sanwó kí wọ́n fa omi sí ọmọ mi lára? Mo gbọ́ ti Ìráàkì, ó dùn mí. Ibi tí wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ ká pè é níbi. Èyí tí wọ́n ṣe lónìí, ire ni. Ẹ yà fún mi.”

Mùsílíù wojú Alhaji, ó wojú ọmọ, ó lọ dáná omi. Nígbà tó tutù, wọ́n po oògùn náà, wọ́n ń fi ṣíbí fún ọmọ.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, Àbáyọ̀mí tọ̀, ó jókòó, ó ní ẹ̀kọ òun dà. Àdúgbò hó. Àwọn ìyá tí wọ́n kọ oògùn nítorí pé Alhaji wàásù pé ó ń sọ ọmọ di àgàn, kíá, wọ́n tò sẹ́yìn nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ bínú sí ìjọba tó bá wù yín, ẹ má fi ọmọ yín jà á. Ẹ se omi kànga. Ẹ fọwọ́. Ẹni tó bá ní oògùn burú, ẹ ní kó mú ẹ̀rí wá.

Alhaji kò tíì gbà. “Ọlọ́run ló wò ó, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Oògùn kèfèrí ò lè kan ẹnu mi láéláé.”

Àfi bí Ṣùkúrát, ìyàwó rẹ̀, ṣe já wọ agbo, tí kò ráyè wo ẹni tó dúró níbẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, èyí tí mo gbà lánàá ti tán o. Inú Alhaji ti dákẹ́. Wọ́n ní kí n gba méjì sí i, kí n fi ìborùn bò ó.”