Ààlà Tí Komba Bá Bàbá Mi Rìn

Nǹkan mẹ́ta ló bàjẹ́ nílé wa ní agbègbè Kono lọ́dún yẹn. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń wá dáyámọ́ńdì fẹ́ gba ilẹ̀ ìdílé wa. Bàbá mi ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fi ààlà ilẹ̀ náà hàn wọ́n, kò sì mọ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ló bá a rìn ín.

Etí odò ni mo ti kọ́kọ́ rí Komba. Ó ń jọ òkúta wẹ́wẹ́ nínú asẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣàn bọ̀ wá bá aṣọ tí mo ń fọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìwọ lo máa bá mi tún un fọ̀?"

"Bí o bá máa jókòó tì mí, màá fọ ti gbogbo ilé yín pátá."

"Ẹnu ẹ mà dùn o! Ṣé òun náà lẹ fi ń gba ilẹ̀ kiri?"

Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Ìtìjú yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà, mo sì mọ irú ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Ọkọ̀ jíìpù kan ni wọ́n ní, àti ẹ̀rọ ìlulẹ̀ àyálò. Bí wọ́n bá rí nǹkan, wọn á tà á fún ilé-iṣẹ́ ńlá; bí wọn ò bá rí, wọn á fi ihò sílẹ̀ fún wa. Bàbá mi ti lé wọn. Lọ́dọ̀ wa, a kì í mú àlejò rin ààlà. Ọmọ ilé àti àna nìkan ló ń rìn ín. Ohun tí àna bá sì ti rìn, ilé ti fọwọ́ sí i.

Nígbà tí Komba gbé obì wá tọrọ mi, ìyá mi bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé gbágùúdá fún un. Inú bàbá mi dùn débi pé ó gbàgbé ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́, ó sì fà á lọ́wọ́: "Ọkọ ọmọ mi, wá wo ibi tí àwọn ọmọ rẹ yóò ti máa dáko." Wọ́n rìn yí ilẹ̀ ká. Fóònù inú àpò Komba ń sàmì sí gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ tẹ́ àwòrán ilẹ̀ wa síwájú olóyè tó ń fọwọ́ sí ọ̀ràn ilẹ̀ ní ìlú wa.

"Ta ló rin ààlà yìí?" ni olóyè béèrè.

"Àna mi ni," bàbá mi dáhùn.

"Ẹsẹ̀ àna yín ló ya àwòrán yìí, ilé yín ti fọwọ́ sí i. Ẹ ti fún wọn nìyẹn."

Ìyá mi pòṣé. "Olè pàápàá máa ń dúró dòru!"

Mo wá Komba lọ. "Ṣé torí ilẹ̀ lo ṣe fẹ́ mi?"

"Finda, ìfẹ́ mi, rárá o. Ọ̀gá ní bí mi ò bá tan fóònù yẹn, iṣẹ́ tán. Kí ni mo fẹ́ fi gbé ọ níyàwó?"

"O sì tàn án."

"Mo tàn án. Ojoojúmọ́ ni mò ń kábàámọ̀ rẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó purọ́ ni, ǹ bá rí i kórìíra.

Bàbá mi ní ọ̀nà kan ló kù. "Bí ó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú olóyè pé òun kì í ṣe àna wa, àlejò ló rìn ín, ìrìn àlejò kì í sì í gba ilẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ ọ mọ́ láéláé." Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Mi ò lè bẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ tí olóyè fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ sí àwòrán náà, Komba jókòó ti ọ̀gá rẹ̀, ó doríkodò. Ẹ̀rọ ìlulẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ níta. Mo dìde láàárín àwọn àgbà.

"Komba, mo fẹ́ràn rẹ, mi ò sì mọ ẹni tí màá tún fẹ́ràn báyìí. Dìde. Wo ojú bàbá mi, kí o sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́: ìwọ kì í ṣe ọkọ mi."