Ẹni Tó Ń Wa Mọ́tò Sájẹ́ńtì

Nígbà tí Sájẹ́ńtì jí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bẹntiróòlù. Ó tún gbé e sí imú kó lè dá a lójú. Ọ̀rá dúdú, irú èyí tó máa ń wà lábẹ́ mọ́tò, ti há sí gbogbo èékánná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò fọwọ́ kan mọ́tò kankan látìgbà tí wọ́n ti kó wọn wá sí ibùdó ogun yẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà di ìdájí, kó wá sùn nígbà táwọn yòókù bá ń jẹun àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Òwìwí.

"Òwìwí, ṣé o sùn ṣá?" Kúùkù ibùdó ló bi í bẹ́ẹ̀, nígbà tó rí i tó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì bọ̀.

"Mo sùn. Oorun yẹn gan-an ló rẹ̀ mí."

Kúùkù rẹ́rìn-ín, ó bu omi gbígbóná fún un. Sájẹ́ńtì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ń ro ó bí ẹsẹ̀ ẹni tó wa mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ látàárọ̀.

Lóòótọ́, ó ní mọ́tò kan nílé. Torí ìyá rẹ̀ ló ṣe rà á, kó lè máa rí nǹkan gbé e lọ sí ọsibítù, àmọ́ ìyá kú sílé àwọn arúgbó nígbà tí ọmọ wà lójú ogun. Látìgbà náà ni mọ́tò ti wà lábẹ́ tapólì nínú ọgbà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ò mọ mọ́tò wà. Nígbà tí Sájẹ́ńtì tún padà sójú ogun, tó gbọ́ pé ilé àwọn arúgbó ọ̀hún ò ní mọ́tò kankan, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó fi mọ́tò náà ta wọ́n lọ́rẹ.

"Kí wọ́n máa fi gbé àwọn tára wọn ò yá," ló wí. "Ì bá sì wù mí kó jẹ́ èmi fúnra mi ni mo máa wà á."

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ta ni kì í sọ irú ẹ̀?

Lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ rùn bẹntiróòlù yìí, ó lọ jókòó sórí àwọn àpò iyanrìn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti máa ń dáa, ó pe ilé. Ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ọkọ mi, Mátírọ́ọ̀nù ilé àwọn arúgbó ní kí n bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Wọ́n ní dírẹ́bà tẹ́ ẹ rán wá yẹn, ọmọlúàbí èèyàn ni."

"Dírẹ́bà wo?"

"Èyí tó ń wa mọ́tò náà. Wọ́n ní kì í gbowó, kì í jẹun, agbára káká ló fi ń sọ̀rọ̀. Tó bá ti di àárọ̀ ló ń dé."

"Mi ò rán dírẹ́bà kankan sí wọn."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ wò ó. Nígbà tó pe ọkọ rẹ̀ padà, ṣe ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn.

"Mo rí i."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ wọ aṣọ ológun, eruku pupa bo bàtà yín. Àpá ẹ̀yìn ọrùn yín wà níbẹ̀. Mo pè yín, ẹ wá ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ rántí ibi tó ti mọ̀ mí. Ọkọ mi, kí lẹ̀ ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn?"

"Mò ń sùn," ni Sájẹ́ńtì dáhùn.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé òun ò ní sùn mọ́. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mu kọfí, ó da omi tútù lé orí, ó ń rìn káàkiri ọgbà bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kò tíì rìn jìnnà tí fóònù fi dún.

"Ó ti dé, àmọ́ inú mọ́tò ló sùn sí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọ́n mì ín títí, kò jí. Ó di sítíárìn mú, wọn ò lè já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Òní gan-an ló yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ Ìyá Tíṣà lọ́sibítù, torí kíndìnrín rẹ̀."

Ìyá Tíṣà yìí, yàrá tó kángun sí ti ìyá Sájẹ́ńtì ló ń gbé nílé àwọn arúgbó. Òun ló di ìyá náà lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ tó kú.

"Kí wọ́n wá mọ́tò mìíràn!"

"Wọ́n ti ń wá a. Ojú ìyá ti wú. Kò lè mí dáadáa mọ́."

Sájẹ́ńtì dúró síbẹ̀, oòrùn ń pa á lórí. Lẹ́yìn náà ló wọ inú àgọ́ lọ. Kò bọ́ bàtà, ó kàn dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó dijú. Kò tíì mí kanlẹ̀ tí oorun fi gbé e lọ. Kò lálàá kankan. Nígbà tó jí, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ń rùn òróró ìpara, irú tí àwọn àgbàlagbà máa ń fi pa oríkèé, bíi pé ẹnì kan ti gbára lé e fún ìgbà pípẹ́. Ìyàwó rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ sórí fóònù pé dírẹ́bà náà ti jí, ó ti gbé Ìyá Tíṣà dé ọsibítù, pé ìyá ti ń mí dáadáa.

Látìgbà náà, kò bá oorun jà mọ́. Á ṣọ́ ẹnu ọ̀nà di ìdájí, á sùn, á sì jí bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko. Ẹran ara rẹ̀ ń tán lọ. Ojú rẹ̀ wọnú. Nígbà tí ọ̀gá wọn rí i pé ìbọn fẹ́ wúwo jù fún un láti gbé, ó ní kó máa lọ sílé kó lọ tọ́jú ara rẹ̀.

Àárọ̀ ni bàálù wọn gbéra. Oorun ti gbé Sájẹ́ńtì lọ kí bàálù tó kúrò nílẹ̀, kò sì jí àfìgbà tó balẹ̀. Kò gba ilé lọ. Ilé àwọn arúgbó ló lọ tààrà. Mátírọ́ọ̀nù rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ṣe háà.

"Ẹ ti jí? Àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni, wọ́n ní ẹ sùn lọ sínú mọ́tò, pé ẹ ò dáhùn." Ó wá rí báàgì ìrìn-àjò tó gbé kọ́ èjìká. Ó sún sẹ́yìn.

Sájẹ́ńtì bá mọ́tò náà nínú ọgbà ọsibítù, lábẹ́ ògiri. Ó fi ọwọ́ nu fèrèsé, ó yọjú wò. Ó ti rò pé ẹ̀rù máa ba òun. Àánú ló ṣe é. Ọkùnrin náà gbé orí lé sítíárìn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, Sájẹ́ńtì ò sì tíì rí ojú tó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ìyá Tíṣà rọra ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ látinú ọsibítù. Ó wo ẹni tó wà nínú mọ́tò, ó wo ẹni tó wà níta.

"Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Èmi ni, mà."

"Má jí i o, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ó rẹ èmi náà, mà."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Oorun wá ń kun Sájẹ́ńtì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn mọ́tò, irin náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Lajú!" Ìyá ń gbá a léjìká. "Lajú, ọmọ mi! Dìde, máa lọ sílé rẹ!"

Ó fẹ́ dìde. Ó gbọ́ tí ohùn ìyá ń jìnnà sí i. Ó gbọ́ tí gíláàsì fèrèsé ń sọ̀ kalẹ̀ lókè orí rẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ látinú mọ́tò, ohùn ẹni tó ti sinmi dáadáa:

"Ó yá, Ìyá, ẹ wọlé. Ìyàwó mi ń dúró dè mí."