Ilẹ̀kùn Abà

"Akọ̀wé, dákun, bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa."

Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, ni ikọ́ bá gbé e mì títí ó fi di òpó mú. Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ nílé, torí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàdo gbígbẹ tó ti bu ni Bàbá ń fi igi lù nínú abà, eruku rẹ̀ sì bò ó lójú, nímú àti lẹ́nu. Ṣùgbọ́n olóko tó gbà á síṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyàngbò àti eruku yẹn, ó ń tà á fún àwọn ọlọ́sìn adìyẹ, kò fẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ. Ahun burúkú!

Lọ́jọ́ tí dókítà wá wádìí ikọ́ àwọn òṣìṣẹ́, olóko fa Akọ̀wé sí kọ̀rọ̀.

"Ọmọ dáadáa, sọ fún wọn pé bàbá ẹ ń mu sìgá. Àbí o ò fẹ́ ṣèdánwò mọ́? Ta ló fẹ́ bá ẹ sanwó ẹ̀?"

Bàbá ò fi sìgá kan ẹnu rí, Akọ̀wé sì mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bi í, ó wolẹ̀.

"Wọ́n ń mu sìgá, sà. Wọ́n ń mu ún gan-an."

Dókítà yíjú. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. "Òótọ́ ni. Ọmọ mi kì í parọ́."

Dókítà ní kó jáwọ́ nínú sìgá, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ yọjú sínú abà. Akọ̀wé ṣèdánwò, ó sì yege. Kí èsì náà tó jáde, wọ́n ti sin Bàbá.

Olóko ló ni yàrá tí wọ́n ń gbé; ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ fún un, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bí ìyá Akọ̀wé ṣe gbé igi ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ó forí lé abà. Akọ̀wé dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ má wọ ibẹ̀! Eruku yẹn ló pa wọ́n!"

"Ẹ̀n-ẹ́n? Àṣé o mọ̀?" Ìyá já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Tí èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kí lo máa ní mò ń mu?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá ti wọlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ sọ òótọ́. Tó bá ti dọ̀la, ẹkún ló máa ń dà.