Hàjàrá Kò Kúrò Lójú Ọ̀nà

Hàjàrá ń gbé ní Lálúpọn pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, inú ń bí Hàjàrá.

Inú ń bí i nítorí pé ẹsẹ̀ ìyá àgbà wú. Ẹsẹ̀ náà wú nítorí pé wọ́n rìn jìnnà lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n rìn jìnnà nítorí pé ọkọ̀ Jùbrílù kú sínú odò.

Jùbrílù ni awakọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nìkan ló ń ná ọ̀nà Ìbàdàn. Eré ló sì máa ń sá.

Lónìí, ìyá àgbà tún wọ ọkọ̀ náà. Wọ́n ń lọ tọ́jú ẹsẹ̀ wọn ní Ìbàdàn. Hàjàrá jókòó tì wọ́n.

Gbùrù, gbùrù, gbùrù! Ọkọ̀ ń lọ.

Wọ́n dé odò. Òjò ti rọ̀, odò sì ti kún. Jùbrílù ní kí gbogbo èèyàn di ọkọ̀ mú, òun fẹ́ sáré gbà á kọjá.

Hàjàrá sọ̀kalẹ̀. Ó lọ dúró síwájú ọkọ̀. Ó ká apá mọ́ àyà.

Jùbrílù ní kó kúrò. Kò kúrò.

Póò! Póò! Jùbrílù fun fèrè ọkọ̀. Kò kúrò.

“Ẹ ò wo bí odò ṣe jìn tó,” ni Hàjàrá wí. “Lọ́jọ́ ọjà, ẹ ò wò ó. Ìyá àgbà ló jìyà rẹ̀.”

Jùbrílù bèèrè pé ta ni ọmọdé tó ń kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà.

Ìyá àgbà rọra sọ̀rọ̀ látinú ọkọ̀. “Jùbrílù, ṣé o wò ó?”

Jùbrílù mi orí. Kò wò ó.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gé igi gígùn kan. Ó wọ odò. Ṣàà, ṣàà. Omi dé orúnkún rẹ̀. Omi dé itan rẹ̀. Omi dé ìbàdí rẹ̀. Kíá ló padà.

Hàjàrá nawọ́ sí apá òsì, níbi tí òkúta wà. Ibẹ̀ ni àwọn ará oko ń gbà kọjá. Jùbrílù wọ ibẹ̀. Omi kò kọjá orúnkún.

Síbẹ̀, Jùbrílù ń wo iwájú ọkọ̀. “Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń mí, bíi tiwa,” ni ó wí. “Bí omi bá ta sí i, yóò kú.”

Inú tún bí Hàjàrá. “Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì fẹ́ sáré wọ inú omi?”

Jùbrílù yára lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

Ó mú aṣọ tapólì tó fi ń bo ẹrù. Ó fi bo iwájú ọkọ̀ pinpin, kí omi má baà wọlé. Hàjàrá bá a fa okùn rẹ̀ le, wọ́n sì padà sínú ọkọ̀.

Gbùrù… gbùrù… gbùrù… Ọkọ̀ wọ odò. Kò sáré. Kò dúró. Omi ń yà sọ́tùn-ún, omi ń yà sósì.

Ó gòkè! Ẹ́ńjìnnì kò kú.

Jùbrílù tú aṣọ náà kíá, kí ẹ́ńjìnnì lè rí atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà. Ó ní kí wọ́n má bínú, ẹ̀bi òun ni.

Ìyá àgbà ní kó bẹ Hàjàrá náà.

“Hàjàrá, má bínú,” ni Jùbrílù wí.

“Mo ṣì ń bínú díẹ̀,” ni Hàjàrá wí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kan.